Ẹsáńsì Tó Ń Dín Kù

Nígbà tí Antoine rí i lẹ́ẹ̀kẹta pé ẹsáńsì, epo alùpùpù rẹ̀, ti dín kù nínú bídọ̀n ike tó ń rọ ọ́ sí, kò tún wádìí kankan mọ́. Ó ti mọ olè náà. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Kamarou, aládùúgbò rẹ̀, tó ń ta ẹsáńsì inú ìgò lẹ́bàá títì, tó sì jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Ọ̀rọ̀ wọn ò tilẹ̀ dán mọ́rán tẹ́lẹ̀. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, níbi ìpàdé àdúgbò, wọ́n ní kí Antoine ka ìwé kan sókè. Ó ṣì í kà. Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Kamarou nìkan ni Antoine tọ́jú. Láti ọjọ́ yẹn, kò kí i mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé, nínú oòrùn Ṣabẹ tí í dá egbò sí òkúta lára, ni bídọ̀n náà máa ń wà. Òun ni Antoine fi ń bu ẹsáńsì sí alùpùpù tó ń gbé e lọ oko ní Okpara. Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé e wọ yàrá, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ra kọ́kọ́rọ́ tuntun sílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún ti dín. Ó yé e wàyí: ojú fèrèsé ni olè ń gbà. Ló bá pe Régis, ọmọkùnrin tó ń jó irin, pé kó wá fi irin dí fèrèsé náà pa. Kò fẹ́ kó ṣeé ṣí rárá.

Láti àná ni orí ti ń fọ́ Ìyábọ̀dé, ìyàwó rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ló dùbúlẹ̀ sí.

“Bàbá Rodrigue, òórùn ẹsáńsì yìí fẹ́ pa mí.”

“Òórùn ìsọ̀ ẹni yẹn ni. Ṣé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni?”

Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí òórùn yẹn ti mọ́ gbogbo wọn lára.

Régis na wáyà iná rẹ̀, ó gbé irin ti fèrèsé. Orí Kamarou bá yọ lókè ògiri.

“Bàbá Rodrigue, ẹ kú iṣẹ́.”

Antoine gbójú sókè. Ó ń wo bí ojú ọkùnrin náà ṣe ń rìn yí fèrèsé ká. Ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀.

“Kí lẹ fẹ́ jó?”

“Ojú olè.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tanná. Mo ń gbóòórùn ẹsáńsì.”

“Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń tà á ló ń gbóòórùn rẹ̀! Régis, ṣe iṣẹ́ rẹ, jàre.”

Régis fa ìbojú rẹ̀ wálẹ̀. Kamarou fo ògiri. Kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ìdí wáyà ló sáré lọ, ó sì fà á yọ.

“Olè rèé o! Lọ́sàn-án gangan!” Antoine ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. “Ẹ wá wò ó o!”

“Ẹ dì mí mú, àmọ́ ẹ gbọ́! Láti Ọjọ́rú ni ọjà mi ti tán. Àwọn tó ń kó o wá láti ẹnubodè ò tíì dé. Ẹ lọ wo ìsọ̀ mi, òfìfo ìgò ló kù níbẹ̀. Tèmi ti tán, òórùn ti ta wá la ń gbọ́ yìí?”

Ọwọ́ Antoine ò kúrò lọ́rùn ẹ̀wù, ṣùgbọ́n kò fún un mọ́. Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì sì ni tòun tún dín. Ẹni tó ń jí ẹsáńsì, tí ìsọ̀ rẹ̀ wá ṣófo? Àbí ó ń mu ún ni?

Régis ti ṣí ìbojú, ó ki orí bọ fèrèsé. “Bàbá! Ilẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tutù rinrin! Ìyá sì wà lórí rẹ̀!”

Antoine ò mọ ìgbà tó fi ẹ̀wù sílẹ̀. Òun àti Kamarou ni wọ́n jọ gbé Ìyábọ̀dé jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Ó padà lọ wọ́ bídọ̀n náà síta. Ìdí rẹ̀ ti sán, ojú ibi tó sán sì tín-ín-rín bí òwú. Oòrùn ló ti jẹ ẹ́. Nígbà tó wà lẹ́yìnkùlé, iyanrìn ń mu ohun tó ń kán, kò jẹ́ kó hàn. Sìmẹ́ǹtì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò mu ún.

“Ẹ̀ bá sun mí mọ́lé,” ni Ìyábọ̀dé wí. Kò pariwo. “Ẹ̀ bá fi irin dí ibi tí mo máa gbà jáde, kẹ́ ẹ wá sun mí mọ́lé.”

Antoine wo bídọ̀n, ó wo fèrèsé. Ó ní kí Régis kó irin rẹ̀ máa lọ. Ó yíjú sí Kamarou láti dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Níbo lẹ̀yin ń tọ́jú tiyín sí?”

“Ahéré kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ó jìnnà síbi tí à ń sùn, oòrùn ò sì dé ibẹ̀. Ẹ gbé e wá, ká dà á sínú bídọ̀n tó dáa.”

Antoine gbé e, ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé igun ògiri, ó dúró.

“Mo mọ ìwọ̀n tó kù nínú rẹ̀ o!”

Kamarou ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. “Ẹ yára o, Bàbá Rodrigue. Ó ń kán sí yín lẹ́sẹ̀.”