Àmín Tó Há Sí Mi Lẹ́nu

Aṣọ yín kò tíì ṣetán, ẹ má wulẹ̀ na ọrùn wo orí máṣíìnì. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àlá tí mo lá lóru àná ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti àárọ̀, bí n kò bá sì rò ó fún ẹnì kan, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni n ó rán mọ́ ọrùn bùbá yín.

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Télọ̀, wọ́n sì ń pe Abọ́sẹ̀dé aya mi ní Ìyàwó Télọ̀, nítorí pé a kò tíì rí orúkọ ọmọ tí wọn yóò fi pè wá. Ẹ tún mọ̀ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí àlùfáà bá ń gbàdúrà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe àmín. N kì í dúró kó parí gbólóhùn. Bí alágbe bá ń súre fún ẹlòmíràn lójú títì, mo máa ń bá wọn ṣe àmín kọjá. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Ó dáa. Nínú àlá náà, mo wà ní Róòmù. Róòmù kò jìnnà rárá, ẹ̀yìn ilé wa ni, ẹ ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. Ayé Késárì ìgbà láéláé ni, nígbà tí ìhìn rere ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé dé ilé, tí wọ́n sì ń ju àwọn onígbàgbọ́ sí kìnnìún. Mo jókòó sídìí máṣíìnì mi létí ọ̀nà, mò ń rán aṣọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kò ní òwú dúdú nílùú náà.

Ọ́fíìsì gómìnà ń léfòó lókè títì. Wọ́n so okùn mọ́ ọn nídìí, sójà kan sì di okùn náà mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ìjọba lọ. Sójà náà fà á wálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Télọ̀, gòkè. Gómìnà fẹ́ rán agbádá." Mo mú tépù mi, mo gòkè.

Gómìnà jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tó ní ohùn. Ó dìde, ó ní, "Láti òní lọ, gbogbo ará ìlú gbọ́dọ̀ sun tùràrí fún ère Késárì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Jésù ni Olúwa òun..." Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti di òbúkọ. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà kúnlẹ̀, mo wọn àyà rẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n dá ihò sí agbádá náà fún ìrù?"

"Dá a sí i," ni òbúkọ wí, ó sì ń jẹ kọ́tìnì ojú fèrèsé.

Balógun ọ̀rún kan wà níbẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yéé na àwọn onígbàgbọ́ yìí. Ẹgba kì í mú wọn sọ̀rọ̀. Àdúrà ni kẹ́ ẹ gbà fún wọn. Wọn ò lè gbọ́ àdúrà kí wọ́n má fèsì." Ó wá yíjú sí akọ̀wé tó jókòó ní kọ̀rọ̀. "Akọ̀wé, o ò ní fi ọmọ sunkún o."

"Àmín," ni akọ̀wé wí.

Ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n wọ́ ọ lọ. Ó ń fọwọ́ pa ètè ara rẹ̀ bí ẹni tí ajá ilé rẹ̀ bù jẹ.

Balógun ọ̀rún yíjú sí èmi náà. "Télọ̀," ló wí, "iṣẹ́ ọwọ́ rẹ..."

Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Mo ki tépù bọ ẹnu.

"Má jẹ mí," ni tépù wí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́, mo gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀.

Títì ti dàrú. Àwọn sójà ń kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n ń súre. "Ẹ̀yin onílé yìí, ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó!" Wọn a sì gbọ́ "Àmín" láti inú ilé, wọn a já ilẹ̀kùn wọlé. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ ṣe é. Bàbá kan tó ń tòògbé lórí àga fi ojú oorun ṣe é. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Mo mọ irú ẹnu tí mo ní.

Ẹnì kan ti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ya ẹja, àmì àwa onígbàgbọ́, sórí iyanrìn létí ògiri. Bí mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá, ẹja náà gbórí sókè. "Ṣé ìwọ náà wà lára wa?"

"Mo wà lára yín."

"Máa tẹ̀ lé mi. Má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà."

Ó ń wẹ̀ lọ nínú iyanrìn, mò ń tẹ̀ lé e, títí a fi dé ihò kan lábẹ́ ilé búrẹ́dì. Ibẹ̀ ló ti fi ìrù nu ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Nínú ihò náà, wọ́n tẹ́ òkú sára ògiri bí ìgbà tí a to aṣọ sórí pẹpẹ. Àwọn onígbàgbọ́ jókòó sílẹ̀, àwọn ìyá pọn ọmọ, àwọn ọmọ náà ti sùn. Àwọn òkú pàápàá ti fa aṣọ ìsìnkú wọn bo ẹnu. Ìyá arúgbó kan ń pín búrẹ́dì kiri. Wọ́n ní Màmá Rúfínà ni, òun ló ni ilé búrẹ́dì tó wà lókè.

"Fi búrẹ́dì yìí sẹ́nu, ọmọ mi," ló wí, "má gbé e mì. Ẹnu tó kún kì í dáhùn."

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Olúwa á..." Ó sáré fi etí ìró bo ẹnu ara rẹ̀. Gbogbo wa mí kanlẹ̀.

Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹsẹ̀ lókè. Ohùn balógun ọ̀rún dún lójú ihò, ohùn tó dùn bí oyin. Ó gbàdúrà owó. Ẹnikẹ́ni kò mira. Ó gbàdúrà àlàáfíà, ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń làágùn kíkankíkan, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Mo wá gbọ́ tí òbúkọ ké lókè, ó ní, "Télọ̀ yẹn wà lára wọn. Kò bímọ."

Gbogbo ojú inú ihò yí sí mi.

"Télọ̀," ni balógun ọ̀rún wí jẹ́jẹ́. "Abọ́sẹ̀dé aya rẹ yóò lóyún, yóò sì bí i. Ẹ ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun nínú yàrá yín. Àwọn ará àdúgbò kò ní pè ọ́ ní Télọ̀ mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, búrẹ́dì yọ́ sí mi lẹ́nu. Àdúrà náà gba ojú ihò wọlé, mo fi ojú mi rí i. Kò ga ju orúnkún mi lọ. Eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá dúró níwájú mi, ó ń wo ẹnu mi.

"Wọ́n ní kí n wá gba èsì," ló wí. "Bẹ́ ẹ ò bá dá mi lóhùn, mi ò mọ ibi tí n ó lọ."

Àmín ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó ń ti eyín mi. Mo wo obìnrin tó jókòó tì mí. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń da itọ́ sí i léjìká, ó ń sùn. Bí mo bá dáhùn kí n lè rí ọmọ tèmi, àwọn sójà á wá kó ọmọ tiwọn. Mo bọ́ fìlà mi, mo ki í bọ ẹnu. Omijé ń dà lójú mi. Mo mi orí fún àdúrà náà.

Kò bínú. Ó yí padà, ó ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn.

Màmá Rúfínà gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó sì di àdúrà náà lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ má jáde," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọmọ mi, a kì í jẹ́ kí irú èyí bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni n ó gbà yọ sójú títì. Wọ́n á rò pé èmi nìkan ni." Ó wo àwọn òkú ara ògiri. "Àwọn ọmọ tèmi wà láàárín wọn, lókè yẹn. Wọ́n ti ń retí mi."

Ó lọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ bú jáde lókèèrè, lójú títì gbangba: "Àmín! Àmín lórúkọ Jésù!" Àwọn sójà sáré kúrò lórí wa.

"Ta lo ń ṣe àmín fún?" ni balógun ọ̀rún bi í.

"Ẹni tó o gbàdúrà fún ni. O kú àdúrà, ọmọ mi. Ṣé ó tán? Bó bá kù, máa bá a lọ, ẹnu mi ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ̀tàn ni mo fi gbà á."

"Ìwọ lo mọ̀yẹn. Ẹni tó gbọ́ ọ kò fi ẹ̀tàn gbọ́."

Balógun ọ̀rún ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Mo gbọ́ tí kìnnìún bú ramúramù. Mo la ẹnu láti ké pe Màmá, ohùn kò jáde.

Mo jí. Etí aṣọ ìbora ló wà lẹ́nu mi, mo ti jẹ ẹ́ rin gbindingbindin. Ilẹ̀ ti mọ́. Abọ́sẹ̀dé wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ lé inú. Ó ti gba àdúrà àràárọ̀ rẹ̀ tán, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń tọrọ. Ó ń wò mí.

"Ṣé ẹ ò ní ṣe àmín ni?"

Mo kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé, bóyá sójà wà níbẹ̀. Kò sí. Mo fa aṣọ kúrò lẹ́nu, mo sì ṣe é, mo ṣe é tó fi jẹ́ pé ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé já bọ́ lára inú. Lẹ́yìn ògiri, Alájà Ṣìfáwù tó ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Àmín o, Ọlọ́hun!" ló wí, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ mọ ohun tí a tọrọ.