Ọkọ̀ Tó Fẹ́ Jókòó

Ẹ̀yin àlejò mi, mo rí bí ẹ ṣe ń wo ẹ̀bà tó wà níwájú yín. Ẹ mọ̀ pé iyán ni wọ́n ń jẹ nílé mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ sì ti fi àyè iyán sílẹ̀ nínú yín láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bínú. Àlá tí mo lá lóru àná ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá rọ́ ọ tán tí inú ṣì ń bí ẹnikẹ́ni, kí ó wá mú ẹran inú ọbẹ̀ tèmi.

Gbogbo yín lẹ mọ Àbẹ̀kẹ́, ọkọ̀ mi. Sàléńsà rẹ̀ ti ń pariwo láti ìgbà pípẹ́, tó fi jẹ́ pé kí n tó dé kọ́nà, ìyàwó mi á ti gbé ọbẹ̀ mi kaná. Lánàá, mo ní n ó tún un ṣe fúnra mi. Mo yá jáàkì lọ́wọ́ Lásísì aládùúgbò wa, mo fi gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan tó ti dípẹtà kọ̀, kò tú. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lórí. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì bẹ́ẹ̀, mo ní n ó parí rẹ̀ láàárọ̀ kí a tó múra ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Mojí, ìyàwó mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn tì í lábẹ́. Jáàkì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró."

Mo ní, "Jáàkì yìí ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù rí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ló kù."

Ó ní, "Ládèjọbí náà sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi ni Ládèjọbí. Abẹ́ ọkọ̀ ló kú sí, nínú àgbàlá ara rẹ̀, lọ́dún tí Mojí ọmọ wa wọ iléèwé. Mo jẹun, mo sùn, àlá sì dé.

Nínú àlá náà, mo ti wà lábẹ́ Àbẹ̀kẹ́, aṣọ ìsùn ló wà lọ́rùn mi, mo ń bá nọ́ọ̀tì jà. Jáàkì wúkọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Mojí."

"O ṣeun o. Ṣé kò sí?"

"Ó wà o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Láti àná ni mo ti wà lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó ní kí n sinmi. Mo fẹ́ lọ gba àyè ìsinmi ní ọ́fíìsì."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà epo rí yóò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní, "Ó yá, jẹ́ ká jọ lọ." Ni páálí tí mo sùn lé bá gbéra nílẹ̀, ó ń fò lọ jẹ́jẹ́. Mi ò dìde. Ọkọ̀ kò kúrò lórí àyà mi. Bí páálí ti ń lọ lòun náà ń bá wa bọ̀, jáàkì sì ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ohun kan tó ń dùn mí ni pé mi ò wọ bàtà, ọ́fíìsì ìjọba la sì ń lọ.

Òkè táǹkì omi Lásísì ni ọ́fíìsì náà léfòó sí. Okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Àwọn ènìyàn ti sùn sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ fíríìjì, obìnrin kan wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ́ gbá abẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń kí mi pé, "Ẹ kú ìdùbúlẹ̀ o," mo sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó kángun sí mi ni Ládèjọbí. Ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ wà lórí rẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì darúgbó rárá.

"Ládèjọbí! Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni o. Jọ̀ọ́, bá mi na sípánà kékeré yẹn. Mo ti ń parí rẹ̀ bọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ló kù."

Mo nà án sí i. "Láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn. Ṣé wọ́n ti gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ nílé? Mo sọ fún Ìyá Wúràọlá pé kó máa bu ọbẹ̀, mo ń wọlé bọ̀."

Ẹ̀yin ará, omi bọ́ lójú mi nínú àlá yẹn. Ó ti pẹ́ tí ọbẹ̀ náà ti tutù. Ìyá Wúràọlá, ìyàwó rẹ̀, ti ta ilé, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Wọ́n ti bu ú. Wọ́n ti fi àwo dé e." Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n pè wá wọlé. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni Alága Àwọn Ohun Tó Ń Gbé Ohun Mìíràn Dúró. Ó wọ kóòtù, ó de táì pupa. Jáàkì ro ẹjọ́ rẹ̀, alága sì ń mi orí.

Alága ní, "Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó sinmi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró dípò rẹ̀? A ò lè jẹ́ kí ọkọ̀ máa léfòó. Ọ́fíìsì nìkan la fún láṣẹ láti léfòó."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání.

Wọ́n ké sí búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù wọlé, ó gbé àyà síwájú, ẹ ó rò pé òun ló gbé ilé ayé dúró. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa tí mo ti ń rò ó pé, bí Ìyá Mojí bá yọ mí lẹ́nu jù, òun ni n ó tì sábẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti rí mi báyìí, ó sorí kọ́.

"Bàbá Mojí, mi ò ní tàn yín. Inú mi ṣófo. Ẹni tó mọ mí, iyanrìn ló bù fàlàlà. Sìmẹ́ńtì, ó kàn fi han iyanrìn lókèèrè ni. Bí ẹ bá tò mí mọ́ ògiri láàárín àwọn ẹbí mi, mo lè gbìyànjú. Ẹ má fi ọkọ̀ dán mi wò."

Alága fi ọwọ́ gbá a léjìká láti tù ú nínú. Ó fọ́ yángá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, wọ́n sì gbá a dànù.

Odó Ìyá Mojí ló wọlé tẹ̀ lé e, odó kúkúrú tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó wa. Ohùn ìyá ìyàwó mi gan-an ló fi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i, àfi pé ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀, ọkọ̀ sì wà lórí mi.

Odó ní, "Èmi lè gbé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ mi ni ọmọ odó ti ń lù mí nínú, ẹ ò gbọ́ ohùn mi rí. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ mọ̀ pé a kì í jókòó lórí odó."

Alága ní òótọ́ ni, èèwọ̀ ni; ẹni tó bá jókòó lórí odó tó ń jẹun níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ni yóò kú. Ó wo ọkọ̀. "Ṣé nǹkan kan wà lẹ́nu rẹ báyìí?"

Àbẹ̀kẹ́ fèsì látòkè pé, "Epo bẹntiróòlù ṣì wà lẹ́nu mi, sà." Ọmọlúàbí ọkọ̀ ni, kò mọ irọ́ í pa.

"Ta wá ni bàbá rẹ?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Kí ni kí n sọ? Èmi ni mo rà á, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní, "Èmi ni bàbá rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe há mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá jókòó lórí odó, mo kú. Bí kò bá jókòó lórí odó, orí mi ni yóò jókòó lé, mo sì kú náà ni. Alága ní ká fún òun láyè kí òun ronú. Ó ń ronú, irùngbọ̀n ń hù. Ó ń ronú, ìwo méjì yọ. Kó tó ronú débì kan, ó ti di òbúkọ. Akọ̀wé rẹ̀ ní ká má fòyà, bí ẹjọ́ bá ti le ni ọ̀gá máa ń dà bẹ́ẹ̀.

Òbúkọ jẹ táì rẹ̀ tán, ó jẹ bọ́tìnnì kóòtù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páálí lábẹ́ ẹ̀yìn mi, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀yìn mi fi kan ilẹ̀ tútù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ọ́fíìsì ti lọ, àgbàlá ilé mi ni mo wà. Jáàkì nìkan ló kù pẹ̀lú mi, òógùn dúdú ń ṣàn lára rẹ̀.

"Bàbá Mojí, ẹ má bínú. Mo gbìyànjú."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ń sunkún, omi ojú rẹ̀ ń kán sí mi níwájú orí. "Bàbá mi, mi ò fẹ́ jókòó lórí yín. Ẹ bá mi sún díẹ̀." Ibo ni n ó sún sí? Ọbẹ̀ Ládèjọbí ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, n ò ní fi pa mọ́ fún yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bu ọbẹ̀ dè mí nílé kí ó máa tutù.

Ìgbà náà ni Ìyá Mojí dé, ó gbé odó rù, aṣọ ìsùn ló wọ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, jókòó síbí."

Odó ní, "Èèwọ̀ ni o, ọmọ mi."

Ìyàwó mi ní, "Mo mọ̀, mà. Bàbá ọkọ̀ kọ́ ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Ọkọ mi ni." Ó dojú odó délẹ̀, ó tì í wọlé.

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ó sì jókòó. Gbì!

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo fọwọ́ kan àyà mi, aṣọ ìbora nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo ní àlá lásán ni, mo mú sípánà, mo jáde lọ parí iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan mi.

Níta, òbúkọ Lásísì wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń jẹ páálí mi. Jáàkì ti wálẹ̀ pátápátá, epo inú rẹ̀ ti ṣàn dúdú sórí ilẹ̀. Iwájú Àbẹ̀kẹ́ sì jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí odó iyán tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ìyá Mojí ń gbálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi í pé ìgbà wo ló gbé e síbẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ti ń hanrun. Ọmọ odó ni mo fi tì í wọlé, èmi ò wọ abẹ́ ibẹ̀ o."

"Ṣé o mọ̀ pé a kì í..."

"Mo mọ̀." Ó dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró, ó wo sípánà tó wà lọ́wọ́ mi. "Ṣé ìṣẹ́jú kan yẹn ṣì kù?"

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó ń gbá lọ́wọ́, mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òun ni mo ń kí tàbí odó. Òbúkọ gbójú sókè, ó wò mí, ó ń jẹ páálí rẹ̀ lọ.

Lásísì ti lọ bá wa wá irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé ọkọ̀ dúró, kò sì tíì dé. Nítorí náà, ẹ bu ẹ̀bà yín kí ọbẹ̀ má baà tutù. Odó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.