Kọnfátà Kẹta

Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ ìgérin gé kọnfátà kejì sí méjì, òórùn tó jáde nínú rẹ̀ dà bí ti irun tó jóná. Awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rọra sún sẹ́yìn. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó ti ń wakọ̀ kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù tán, àmọ́ kò fojú kan inú kọnfátà rí. Ohun tó mọ̀ kò ju pé irin roboto kan ni, ó tóbi bí ìkòkò ńlá tí wọ́n dé, ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà, ọkọ̀ tí kò ní kúlọ́ọ̀ṣì kò sì lè rìn láìsí i.

"Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀gbọ́n," ni mẹkáníìkì wí. "Ó ti kú. Kò lè bù yín jẹ mọ́."

Ó sún mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ irin méjì ló rí, wọ́n kojú síra wọn bí orogún. Mẹkáníìkì ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí ti iwájú, ti iwájú á da epo lu ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn á wá yí jíà. Irin kì í kan irin. Epo ló ń gbé agbára kọjá. Rọra ń mi orí, àmọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí kò jẹ́ kí etí rẹ̀ gbọ́ tán. Irin náà ti di aró. Etí rẹ̀ ti dúdú. Epo tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ti ki bí ọ̀dà.

Mẹkáníìkì fi ìka wọ́ abẹ̀bẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣí, kò sí èyí tó tẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣe é kò jẹ̀bi. Ooru ló pa á, nǹkan kan ló ń se epo yẹn bí ẹni ń se omi.

Rọra ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Kọnfátà méjì láàárín oṣù mọ́kànlá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ọkọ̀ náà, òun ló sì ni ọgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà ni. Ìgbà mìíràn, tírélà odindi ni wọ́n á so mọ́ ọn nídìí, tí á sì wọ́ ọ gun òkè gígùn tó wà ṣáájú ọgbà. Nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì kò ká òkè yẹn mọ́, mẹkáníìkì fi tọ́bò ńlá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì sí i, ó sì tún ọ̀nà epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ṣe. Láti ìgbà náà ni kọnfátà ti ń kú. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n pè wọ́n lórí fóònù, ó ní ẹ̀kẹta yìí ni àṣemọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló ń pa nǹkan òun, yálà ẹni tó ń wà á tàbí ẹni tó ń tún un ṣe. Tí òun bá dé lọ́sàn-án òní, kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ́, onítọ̀hún yóò sì kúrò lọ́gbà òun.

Nígbà tí mẹkáníìkì pa fóònù tirẹ̀, Rọra kò tíì pa tirẹ̀. Ó rọra sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ni kó wò. Kò rò ó pé irọ́ ni. Ta ni yóò fura sí òun? Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Rọra ni pé wọ́n ní tó bá dé etí kòtò, á kọ́kọ́ kí i, á dúró kó dáhùn, kó tó wọ inú rẹ̀.

Kọnfátà tuntun méjì wà lórí tábìlì, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló gbé wọn wá pé kí wọ́n yàn. Ọ̀kan ń dán yinrin, èkejì dúdú, kò lẹ́wà. Èyí tó ń dán yẹn ni Rọra ń fẹ́. Ẹni tó ń tà á sọ pé tó bá gbéra, bí ẹtu ló ṣe ń fò. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹtu kì í wọ́ tírélà. Èyí tó ń dán yẹn kì í di ọkọ̀ mú gírígírí títí ẹ́ńjìnnì á fi yí dé ẹgbẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú kan. Ti eléré ìje nìyẹn. Tí ẹrù bá wà nídìí, ńṣe ni á kàn máa lu epo lásán, epo á sì máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kó kéré jù, torí tọ́bò ńlá yẹn kì í jí tó bá kù díẹ̀ kí yíyí ẹ́ńjìnnì pé ẹgbẹ̀sán, ẹ́ńjìnnì á kàn máa mí hẹlẹ hẹlẹ ní ìsàlẹ̀ òkè. Dúdú yẹn, ẹgbẹ̀sán gan-an ni tirẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀kankan sí i lónìí," ló wí, "títí n ó fi mọ ohun tó pa méjì àkọ́kọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Ó ti yọ kọnfátà kan lára ọkọ̀ àlòkù tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó fi sí ọkọ̀ náà kó lè máa yí kiri. Ó fi òkúta dí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ní kí Rọra gòkè. Kí ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó fi ti ọ̀tún tẹná dópin, òun á ka dé márùn-ún, àwọn á wá wo iye tí ẹ́ńjìnnì yí dé.

Rọra ṣe é. Ẹ́ńjìnnì bú. Mẹkáníìkì ka dé márùn-ún, àmọ́ kò wo aago kankan. Ẹsẹ̀ Rọra ló ń wò.

Ó ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

Mẹkáníìkì wá sọ pé ó ya òun lẹ́nu. Gbogbo ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń lò. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi òsì tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ náà á máa tá ràrà bí ẹsẹ̀ àlejò. Ti Rọra mọ ọ̀nà ilé. Ó ti dé ibẹ̀ kí òun tó sọ̀rọ̀ tán.

Rọra bínú díẹ̀. Ó ní òun kì í fi òsì tẹ nǹkan kan. Mẹkáníìkì kò bá a jiyàn. Ó yọ òkúta kúrò, ó ní kó wa ọkọ̀ náà jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì, kó máa wo ògiri funfun ẹ̀yìn rẹ̀ nínú dígí ẹ̀gbẹ́.

Inú ṣẹ́ẹ̀dì ṣókùnkùn. Ọkọ̀ gbéra. Rọra tẹná, ó wo dígí.

Ògiri náà pupa.

Ó tẹná sí i. Ó ṣì pupa. Ọkọ̀ ń lọ síwájú, iná bíréèkì ń tàn lẹ́yìn. Ó wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló rí, ó jókòó lórí bíréèkì wọ̀ọ̀, bí ẹni tó ti ń gbébẹ̀ tipẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn jí, tó bá ọwọ́ ẹlòmíràn lára ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni, nígbà tó wọ́ bọ́ọ̀sì kan sọ̀ kalẹ̀, tí bíréèkì kò mú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi dúró lé e lórí títí ó fi mú. Gbogbo ayé ló rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Mẹkáníìkì ń ṣàlàyé pé bíréèkì tí wọ́n ń tẹ pọ̀ mọ́ iná ló ń se epo, kò tíì sọ ọ́ tán tí ẹ̀gbọ́n fi dé. Kò jókòó. Ó wo irin tí wọ́n gé, ó bi mẹkáníìkì léèrè ohun tó pa á. Mẹkáníìkì wo Rọra, ó wo ilẹ̀, ó ní epo ló gbóná jù. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló mú un gbóná. Ó ní òkè yẹn gùn, ẹrù sì pọ̀. Ohùn rẹ̀ ń kéré sí i.

"Àbúrò mi ti sọ fún mi lánàá pé ọwọ́ ẹ ni kí n wò," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kó irinṣẹ́ ẹ."

Mẹkáníìkì gbójú sókè, ó wo Rọra bí ẹni tí wọ́n gbá létí láti ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa sípánà sínú àpótí, ọ̀kan, lẹ́yìn náà òmíràn.

Rọra ń gbọ́ ìró wọn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò rẹ̀. Tó bá panu mọ́, ibẹ̀ náà ni yóò máa wà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí sípánà kẹta bọ́ sínú àpótí, ẹnu rẹ̀ là kó tó gbà á láyè.

"Àǹtí mi, èmi ni. Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ti òsì. Mò ń tẹ bíréèkì pọ̀ mọ́ iná. Mi ò mọ̀ pé mò ń tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ bọ́ọ̀sì yẹn ni."

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó wo mẹkáníìkì, ẹni yẹn kò rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mẹ́jọ?" ló wí.

"Ọdún mẹ́jọ, Àǹtí."

Ó na ọwọ́. Rọra yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mẹkáníìkì, ó ní kó má bínú, òun gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Ó bi í léèrè èwo ni kí wọ́n rà. Mẹkáníìkì nawọ́ sí dúdú yẹn. Ẹ̀gbọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n so tírélà oníyanrìn kan mọ́ ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì ló wà á, ẹ̀gbọ́n jókòó sáàárín, Rọra wà létí ilẹ̀kùn. Ní ìsàlẹ̀ òkè, tọ́bò jí, ó súfèé, ọkọ̀ sì di ọ̀nà mú gírígírí. Rọra ń wo aago ooru. Kò mira. Wọ́n gùn ún dé ìdajì, kò mira. Inú rẹ̀ dùn, inú náà sì bà jẹ́.

Àpò kan já bọ́ lára ọkọ̀ iwájú. Mẹkáníìkì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sórí bíréèkì, ó gbé e padà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì Rọra ti kan ilẹ̀ gbì. Rọ́bà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ gbé e, kò gbé.

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà lòun náà ń wò.

"Ibẹ̀ ni wàá máa jókòó lọ́la," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àti lọ́túnla. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá simi, wá gba kọ́kọ́rọ́ ẹ."

"Ẹ ṣé, Àǹtí."

Mẹkáníìkì kò yíjú, òkè ló ń wò. Ó ní kí Rọra fara balẹ̀, rọ́bà ilẹ̀ yẹn ṣì tuntun. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Rọra fọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n ń gòkè.