Ẹ̀rọ Amúlétutù Bàbá Yéjídé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí ọkàn mi balẹ̀: kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù tí kò bá mú tútù mọ́ ni gáàsì rẹ̀ ti tán. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí. Ẹ ó pè mí sílé yín, n kò tíì gbé àkàbà sílẹ̀, ẹ ti ń sọ fún mi pé gáàsì ni. Ta ló sọ fún yín? Ìdọ̀tí ni! Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí ni, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé ilé òun dọ̀tí.

Èmi ni Bámijókò, ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì wa ṣì jẹ́ tuntun, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ẹrù wọn bọ̀ láti Àkúrẹ́, tí àwọn tó rí jájẹ ń kọ́lé, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ kọ́ ara ògiri, èmi ni mo máa ń fọ àwọn ẹ̀rọ náà, tí mo sì máa ń tún wọn ṣe. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ṣe ní gbogbo agbègbè wa kò pọ̀. Mo máa ń gbéra ga díẹ̀ nítorí rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ìlú Ìsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nílé Bàbá Ebenezer, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Yéjídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni mo fẹ́ fi ṣe aya. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì ti gbà fún mi. Ìyá rẹ̀ náà máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá nìkan ló yarí. Ó ní òun kò rí ohun tí ọmọ tí òun rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ fi ẹni tó ń gun àkàbà kiri ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Tìmílẹ́yìn, àkọ́bí Bàbá, ló fi ẹ̀rọ amúlétutù kan ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Irú èyí tó ní apá méjì ni: ọ̀kan wà lára ògiri nínú pálọ̀, èkejì wà níta lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń tú ooru jáde. Bàbá fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí ju bó ti yẹ lọ. Á tan án dé ìpele tó tutù jù, á wọ súẹ́tà, á dé fìlà onírun, á wá jókòó sábẹ̀ rẹ̀ máa gbọ̀n. Bí àlejò bá ṣí ilẹ̀kùn tí kò tètè tì í, Bàbá á figbe ta pé, "Atẹ́gùn mi ń lọ o!"

Nígbà tó di oṣù keje, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí a kò rójú oòrùn, ẹ̀rọ náà kò mú tútù mọ́. Bàbá kò rí ẹlòmíràn pè, ló bá ní kí Yéjídé mú mi wá.

"Ọ̀gbẹ́ni Bámijókò," ó sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àga rẹ̀, "wọ́n ní o mọṣẹ́. Ó dáa. Tún éésì yìí ṣe. Tó bá ṣì ń mú tútù lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn rẹ bá wá tọrọ ọmọ, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá làágùn pẹ́nrẹ́n lọ́jọ́ náà, kí ẹ kó iṣu yín padà sí Ìkẹ́rẹ́. Gáàsì ni, mo mọ̀."

Mo gé ètè mi jẹ, mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo tú ti inú ilé. Mo yọ asẹ́ rẹ̀, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn àárín rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dọ̀tí. Mo wá lọ sẹ́yìn ilé lọ wo ti ìta, ẹnu sì yà mí. Nǹkan funfun kan ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ pìtìpìtì, kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Ṣé eruku ni? Eruku wo, nínú òjò? Mo rọ omi sí i lára títí ó fi mọ́. Tútù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú pálọ̀, Bàbá na ọwọ́ mú súẹ́tà rẹ̀, mo sì ń kọrin bọ̀ wálé lórí ọ̀kadà.

Ọ̀sẹ̀ kò pé tí wọ́n tún fi pè mí. Nǹkan funfun náà tún ti dé. Mo bi Bàbá bóyá ó ṣì ń lo ṣọ́ọ̀kì nínú ilé.

"Mo ti fẹ̀yìn tì!" Ó wò mí bí ìgbà tí mo bú u. "Gáàsì ni, kò yé ọ ni."

Mo fọ̀ ọ́. Ó tún dí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Solomon, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní Ẹmùré, pé òun ló ń wá da ẹfun sí ẹ̀rọ náà kí n lè tẹ́. Mo tilẹ̀ lọ bá a nílé, mo sì bínú sí i dáadáa. Kò mọ ohun tí mo ń sọ, ó fún mi lómi mu. Ọjọ́ tí mo padà dé ilé Bàbá, orí wá sọ sí mi. Mo fi ìka kó nǹkan funfun náà, mo tọ́ ọ wò. Ó kan.

Láfún ni!

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń wá láfún nílé Bàbá Ebenezer, àfi kó lọ wá a lókè ọ̀run. Iyán ni Bàbá ń jẹ, iyán nìkan ló sì gbà pé ọmọ Èkìtì gbọ́dọ̀ jẹ. Ó máa ń sọ pé bí ẹ bá rí ọmọ Èkìtì tó ń fi láfún jẹun, kí ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dún kan, ẹnìkan gbé àpò láfún wá síbi ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Bàbá tó ń ta ọjà ìkórè sì kọ̀ láti pe iye rẹ̀. Ó ní òun kò lè fi ẹnu tí òun fi ń gba ara Olúwa pe nǹkan bẹ́ẹ̀. Ibo wá ni láfún ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀? Mo ro ó títí, kò yé mi. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo sì gbàdúrà.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Ìyá mi wá, àbúrò bàbá mi, Bàbá Adéyínká, ló ṣíwájú wa. A gbé iṣu, a gbé oyin, a gbé gbogbo ohun tó yẹ. Mo ti wà níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù láti wo ẹ̀rọ náà, ara rẹ̀ mọ́ bí àwo. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Tútù tó jáde kì í ṣe kékeré: eyín Bàbá Adéyínká ń lu ara wọn, tí kò fi lè kí wọn dáadáa. Bàbá Ebenezer jókòó sábẹ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú súẹ́tà lórí agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ń wo Yéjídé bí ẹni tó ti gbé e délé.

Òjò ṣú. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí i tí Bàbá bọ́ súẹ́tà. Ó ṣe díẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Bàbá Adéyínká ń sọ nípa òdòdó tí a rí nínú ọgbà wọn, ṣùgbọ́n èmi kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Iwájú orí Bàbá ni mo ń wò. Ó ń dán. Òógùn kan yọ jáde níbẹ̀, ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ níhà ìpéǹpéjú.

"Ẹ má nù ún, sà!" Mo ti pariwo kí n tó mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ń bọ̀!" Mo sáré jáde gba ẹ̀yìn ilé.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé. Màmá Yéjídé, pẹ̀lú léèsì àti gèlè ọjọ́ ìtọrọ, wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ mi. Ó ti fi ọ̀rá ńlá tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo kòkó bo gbogbo ẹ̀rọ náà bí àgọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ó gbé àtẹ láfún ńlá kan sí iwájú ibi tí ooru ti ń jáde, ó sì ń fi ọwọ́ fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń fò, ẹ̀rọ sì ń fà á símú.

"Yèyé!"

"Dákẹ́, ọmọ mi, dákẹ́!" Ó na ọwọ́ sí mi lẹ́nu. "Éè sí oòrùn láti ọjọ́ yìí. Bí mo bá fi sílẹ̀ dọ̀la, á bu. Ooru ẹ̀rọ yìí ló í bá mi gbẹ ẹ́. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi, bó o bá ti fọ̀ ọ́ báyìí, ó í gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ."

Inú bí mi débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ooru inú ilé ni ẹ̀rọ ń dà síta, pé bí a bá dí i lẹ́nu, ooru tó tú jáde náà ni yóò tún máa mí sínú, àfi kó rẹ̀ ẹ́. Ó mi orí, kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Abẹ́òkúta ló ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́mọge, ibẹ̀ ló ti mọ adùn láfún, kò sì rí i fi sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ilé ìdáná ló ti máa ń jẹ ẹ́ bí Bàbá bá lọ sípàdé.

"Má sọ fún un," ó ń bẹ̀ mí. "Ojú mi á tì mí nínú ulé yìí."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Bàbá yọ ní igun ilé, àwọn ẹbí méjèèjì tẹ̀ lé e. Bàbá wo ọ̀rá. Ó wo àtẹ. Imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.

"Kí nìyí?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá á mọ̀ pé mo mọṣẹ́, á sì fún mi ní ọmọ. Ìtìjú obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí mi ni n ó fi san án, lójú ìyá mi àti gbogbo ẹbí. Mo ní kí n ronú sí i, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dúró.

"Tèmi ni, sà."

"Kí ni tìrẹ?"

"Láfún yìí, sà. Mo ń sá a ni. Ẹ̀rọ yín gbóná dáadáa."

"Bámijókò!" Ìyá mi ló ké bẹ́ẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Ìwọ tí mo fi iyán wò dàgbà!"

Bàbá Adéyínká di ojú rẹ̀. Bàbá Ebenezer kò pariwo, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó rọra nu òógùn náà nù. "Ẹ kó iṣu yín," ó ní. "Ẹ máa lọ." Mo rí Yéjídé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi lé ròrò sí i lójú.

Màmá dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Bàbá Tìmílẹ́yìn, tèmi ni."

"Má bò ó, ìyàwó."

"Tèmi ni, mo ní. Mo ti í jẹ ẹ́ kí á tó bí Tìmílẹ́yìn."

Bàbá yí ojú sí ilé ìdáná. "Èyí tí o máa ń rò nínú ìkòkò kékeré yẹn... O ní ṣitáàṣì aṣọ mi ni!"

"Ṣé ẹ̀yin ti rí ṣitáàṣì tí a fi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí?"

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó sọ ọ́ di ikọ́. Bàbá na ìka sí mi. "Ọmọ yìí purọ́ nínú ilé mi!"

"Ó purọ́ láti bo àṣírí mi," Màmá dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ga. "Kò tíì dé ulé wa, ó ti bò mí. Ẹ̀yin ńkọ́? Mo í fi ara pa mọ́ jẹun nínú ulé ọkọ mi."

Bàbá wo Màmá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Ibi tí a dúró sí ni òjò dé bá wa, òjò ńlá, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbé ọ̀rá náà kúrò lórí àtẹ. Àwọn ẹbí tú ká, wọ́n sáré sábẹ́ òrùlé. Màmá kò kúrò lójú kan. Láfún ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀kọ nínú àtẹ, ó kàn ń wò ó.

Lójijì ni Bàbá ká agbádá rẹ̀ sí èjìká.

"Ìran lẹ dúró tí ẹ ń wò?" Igbe rẹ̀ ju ti òjò lọ. "Òjò ń pa láfún ìyàwó mi!"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di àtẹ mú, àtẹ kò ṣeé gbé. Ó yí ojú sí mi, òógùn àti òjò ń dà pọ̀ lójú rẹ̀.

"Àna mi, ṣé èmi nìkan ni n ó gbé e ni? Di etí kejì mú!"

Mo di í mú.