Ọjọ́ Tí Kóòṣì Lorne Rẹ́rìn-ín Sí Wendell

Ara ni Wendell Kowalchuk fi ń dènà róbà dúdú tí wọ́n ń fi igi gbá bíi bọ́ọ̀lù nínú họ́kì orí yìnyín ní Winnipeg. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí àyè àtita àwọn tó ń gbá họ́kì fún ẹgbẹ́ mìíràn máa parí, Kóòṣì Lorne rẹ́rìn-ín sí i.

“Wendell mi, má fara gba róbà lónìí o.”

Ara fu Wendell. Ó sọ lọ́kàn pé, ọ̀gá yìí ń kẹ́ mi bí àgbò tó fẹ́ tà! Winnipeg sì nìyá àtọmọ rẹ̀ wà, kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀.

“Kóòṣì, ṣé ẹ ti tà mí ni?”

“Ta ló máa ra arúgbó?” Ojú kóòṣì ń sá kiri.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe gbá róbà, Wendell fi ojúgun pàdé rẹ̀, gbàà! Ó fìdí lélẹ̀, ó ń kérora, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ó yá, ẹ wá tà mí! Ta ló máa ra ẹni tó fara pa?”