Bátìrì tí Màmá Yan Pọ̀ Mọ́ Ẹja

Ọlọ́rundáre kì í ṣe òmùgọ̀ o, àmọ́ ohun tó ṣe sí àwọ̀n rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, òmùgọ̀ gan-an á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣe é. Nítorí pé ó ń bẹ̀rù olè, ó ri àwọ̀n náà sí ìsàlẹ̀ òkun láìso ohunkóhun tó ń léfòó mọ́ ọn. Àmì kan ṣoṣo tó kù wà nínú jípíẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ kékeré ajúwe-ọ̀nà tó ń fi kọ́rùn kiri gbogbo ìlú Etikan bí ìlẹ̀kẹ̀ olóyè. Àwọ̀n ọ̀hún, tuntun ni. Gbogbo ohun tó ní láyé ló wà lára rẹ̀.

Nígbà tí Kọ́lájọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bi í léèrè bó ṣe fẹ́ rí i padà, ó dáhùn lójú gbogbo èèyàn létí omi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ayé ti kọjá ibi tí ẹ wà." Láti ọjọ́ náà ni Kọ́lájọ kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì, bó ṣe ń yọ bátìrì jípíẹ́ẹ̀sì láti lọ gba iná sí i, bátìrì náà bọ́ sínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó nù ún, ó gbé e sórí tábìlì pé kó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì na ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìyá rẹ̀ ni kò sùn. Màmá ti yan ẹja fún ogójì ọdún, kò sì gbà pé ohun tútù kan wà láyé tí iná kò lè gbẹ. Ó tẹ́ bátìrì sórí wáyà ìyanja, láàárín ẹja ọ̀bọ̀kún méjì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí i padà," ló wí nígbà tí ọmọ rẹ̀ jí. "Ẹ̀gbẹ́ kan kò jó ju ìkejì lọ."

Bátìrì ti wú. Ikùn rẹ̀ yọ bíi ti aboyún oṣù mẹ́jọ, ó sì ń rùn bí ẹja yíyan. Ọlọ́rundáre káwọ́ lérí.

"Ó ti gbẹ," ni Màmá wí. "Kí lo tún fẹ́?"

Ó sáré lọ bá Fàrúkù, ẹni tó máa ń fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá gbogbo àdúgbò gba iná sínú fóònù. Fàrúkù rí bátìrì náà, ó sún sẹ́yìn.

"Wàlláhì, n kò ní fi iná sí èyí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré! Kí n ṣáà rí àmì yẹn."

"Bátìrì tó bá ti wú lè gbiná nígbàkígbà. Pákó ni ilé mi, pákó ni tìẹ, pákó náà ni afárá tó so wọ́n pọ̀. Tó bá bú níbí, ta ló máa ṣẹ́kù?" Ó fi ìgbálẹ̀ rọra tì í sínú garawa iyanrìn. "Kò sí irú ẹ̀ ní Igbokoda. Èkó ni wọ́n á ti bá ẹ rà á wá. Ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹja á ti jẹrà, akàn á sì ti gé àwọ̀n wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọlọ́rundáre gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Kọ́lájọ ń jẹ púpùrú lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó mumi, ó tayín, àbúrò rẹ̀ ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ló wí níkẹyìn. "Gbé epo ẹ́ńjìnnì."

Nígbà tí wọ́n dé ojú òkun, Kọ́lájọ pa ẹ́ńjìnnì, ó ju òjé tó so mọ́ okùn sísàlẹ̀, ó fà á sókè, ó sì ha ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó na ìyókù sí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi?"

"Yanu. Ẹrẹ̀ ibì kọ̀ọ̀kan ló ní adùn tirẹ̀; òun la ó fi mọ ibi tí àwọ̀n wà."

Ibi mẹ́fà ni wọ́n ti tọ́ ẹrẹ̀ wò. Gbogbo ìgbà tí Kọ́lájọ bá bi í pé kí ló bá lẹ́nu, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹrẹ̀ ni." Ní ẹlẹ́ẹ̀keje, nǹkan líle kan há sáàárín eyín Ọlọ́rundáre.

"Ìkarahun wà nínú èyí."

"Ju ìkọ́."

Ìkọ́ wọ́lẹ̀, ó mú. Wọ́n fà á, àwọ̀n yọ, ẹja ń ta pútúpútú nínú rẹ̀. Ọlọ́rundáre ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n? Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ibí."

"Bàbá ló mú mi débí, lọ́dún tí wọ́n bí ẹ. Nígbà tí mo rí i pé o ti ń wá síbí, mo fi í sílẹ̀ fún ẹ."

Ojú ti Ọlọ́rundáre dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ì bá dọ̀bálẹ̀, ẹja ni kò jẹ́ kí àyè wà nínú ọkọ̀.

"Ibi méjìlá ni Bàbá fi hàn mí kó tó kú," ni Kọ́lájọ wí. "Èkó làwọn ọmọ mi wà. Kò sí èyí tó máa tọ́ ẹrẹ̀ wò nínú wọn láéláé. Tètè wá bátìrì mìíràn, ká máa lọ fi àmì sí àwọn ibi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n mi ti ń darúgbó."

Ọlọ́rundáre di ìdí àwọ̀n mú, ó sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ìyókù rẹ̀ sínú ọkọ̀.