Igi Tìróò Harriet

Gbogbo ìjọ ló gbà pé ẹkún ni Lydia ń sun. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Harriet, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sí ẹ̀yìn ilé ìsìn ní Ìkìjà. Bí ìsìn bá ti parí, àwọn obìnrin á dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ gba ti Ọlọ́run rò, ìyá. Ẹ jẹ́ kí ojú sinmi."

Lydia á ní òun ti gbọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan pé ẹkún ti tán lójú òun. Omi tó ń jáde báyìí ki, ó sì ń ta á, ìpin a sì máa lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀ láràárọ̀. Ó rò pé bí ọ̀fọ̀ àgbà ṣe ń rí nìyẹn.

Harriet fẹ́ràn tìróò. Ìyá rẹ̀, tó dàgbà sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Ṣàró, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ jọ ológbò ni?" Harriet á rẹ́rìn-ín, á fi ahọ́n lá orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà, á tì í bọ àpò awọ tí ìyẹ̀fun dúdú náà wà, á wá fà á kọjá láàárín ìpéǹpéjú. Kódà nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí ojú rẹ̀ wú, tó ń ṣepin, ó ṣì ń lé e. Ó ní òun kò fẹ́ kí ikú bá òun lójú òfìfo.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lydia mú igi náà. Láràárọ̀ ló ń fà á kọjá lójú ara rẹ̀. Kò jẹ́ kí omi kàn án, nítorí itọ́ ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e fún Adéṣọlá, ọmọ tí Harriet fi sílẹ̀, kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lè kan ọmọ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Adéṣọlá jí, ojú rẹ̀ kò ṣí. Igbe rẹ̀ ló mú Sàfúrátù sáré wọlé. Obìnrin yìí, aládùúgbò wọn tó ń ti Ìlọrin kó ọjà wá, ló ta tìróò náà fún Harriet.

"Ìyá Harriet, kí ló ṣe ọmọ?"

"Ó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni."

"Ọmọ tó jó lójúde wa lánàá? Tó ní ìyá òun lọ ra àkàrà?" Sàfúrátù gbé ojú Lydia sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin náà, èyí kì í ṣe ojú ẹkún. Kí lẹ fi kàn án?"

Lydia na àpò náà sí i. Sàfúrátù fa igi náà yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yí ojú kúrò.

"Háà! Ẹ kò fọ̀ ọ́ rí? Nílé tiwa, kálukú ló ní tirẹ̀. Bí ojú bá ti ń dun èèyàn, kò gbọdọ̀ lé tìróò. Èyí tó bá sì ti kan ojú bẹ́ẹ̀, iná ni à ń sọ ọ́ sí."

"Ẹnu Harriet ló kàn án kẹ́yìn, Sàfúrátù."

"Mo mọ̀, ìyá."

"Bí mo bá sun ún ńkọ́? Kí ni mo tún fẹ́ dì mú?"

Adéṣọlá dákẹ́ igbe, ó ń fi ọwọ́ wá ara ògiri.

"Ìyá àgbà, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Oòrùn ti wọ inú yàrá. Lydia gba igi náà padà, ó dì í mọ́ àyà díẹ̀, ó sì ju igi àti àpò sábẹ́ ìkòkò tó wà lórí iná. Òórùn awọ tó ń jó gba ilé kan.

Omi gbígbóná tó ti tutù, iyọ̀ díẹ̀, àkísà ti ọmọ lọ́tọ̀, ti ìyá àgbà lọ́tọ̀: ohun tí Sàfúrátù fi tọ́jú wọn nìyẹn. Ojú ọmọ náà mọ́. Ti Lydia ti pẹ́ jù. Nǹkan funfun bo ẹyinjú ọ̀tún, ti òsì sì ń rí òjìji lásán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lydia gbọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Adéṣọlá, ta ló ń bọ̀ yẹn?"

Ọmọ náà wò ó dáadáa.

"Èèyàn ni. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Lydia kọjú síbi tí ẹsẹ̀ náà ti ń dún. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ó wí, ó sì ń retí kí ẹni náà fọhùn.